Àwọn ẹnjiníà tó yẹ ilẹ̀ wa wò ní Mpape: owó wọn ga, iṣẹ́ wọn dáa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ní Abuja, Mpape o, Katampe o, ibi yòówù kó jẹ́, àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi pè wá yẹ pílọ́ọ̀tì wa wò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Owó wọn ga, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n tó bá tún kan ilẹ̀ míì màá tún san án.

Ẹni tó wà ní Mpape ní September 2018 ò nílò kí n ṣàlàyé ìdí ẹ̀. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 7 oṣù yẹn nilẹ̀ ń mì tìtì, dé Maitama pàápàá, ọdún 2016 náà irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Kwoi ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Kò le tó ti ilẹ̀ òkèèrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ò dà bí ilé orí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n fi kan àpáta, wọ́n wá to yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ fún wa bó ṣe jáde. Tòkè pupa, ó le, èèyàn á ní kò séwu. Èyí tó jókòó lórí àpáta gan-an ti ń funfun, ó tutù, mo fìka tẹ̀ ẹ́, ó wọlé bí ẹ̀kọ. Ibẹ̀ lomi òjò ń gbà kọjá, ẹnjiníà yẹn ní ibẹ̀ náà nilẹ̀ ti máa yọ̀ tó bá máa yọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọn ò kàn sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Ọ̀nà kan wà tọ́pọ̀ èèyàn ń lò, wọ́n á ṣírò ìmìtìtì bí ẹni pé nǹkan ń ti òkè náà síbì kan ṣáá láìdúró, wọ́n á wá fi agbára tó ń tì í pín agbára tó di ilẹ̀ mú, tí èsì bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 1 wọ́n á ní ilẹ̀ máa ya. Ìmìtìtì kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀ ni, láìpẹ́ ó ti tán. Nathan Newmark, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1965 pé ká wo ilẹ̀ náà bí òkúta tó wà lórí pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: ìgbà tí mímì bá ju agbára tó dì í mú lọ nìkan ló máa yọ̀ díẹ̀, tó bá rọlẹ̀ á dúró, ká wá ro gbogbo díẹ̀ díẹ̀ yẹn pọ̀. Sẹ̀ǹtímítà lẹ máa gbà lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Tiwa, lẹ́ẹ̀rùn kò ní kúrò lójú kan rárá, ṣùgbọ́n tójò bá ti rin ilẹ̀ gbingbin, ó tó nǹkan bíi 4. Ìyẹn ò ní wólé, àmọ́ ó tó la ògiri, ó tó já páìpù omi. SLAMMER, ètò orí kọ̀ǹpútà tí USGS, àjọ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀, wọ́n sì lo àkọsílẹ̀ ìmìtìtì oríṣiríṣi, wọn ò gbára lé ẹyọ kan.

Wọ́n tún gun òkè tó wà lẹ́yìn wa tí kì í ṣe tiwa. Ó dáa bẹ́ẹ̀ jàre, ẹ rántí Las Colinas ní El Salvador, January 13, 2001, nígbà tílẹ̀ mì, òkè ló ya lulẹ̀ bo àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀, èèyàn tó lé ní 500 ló kú.

Ibi tí mo ti bínú ni rípọ́ọ̀tù wọn. Ó pẹ́ kó tó dé, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì sì wà lójú ewé tó kẹ́yìn: ìṣirò yìí gbà pé agbára yẹ̀pẹ̀ ò ní tán nígbà tó bá ń mì. Tó bá jẹ́ iyanrìn tí ò kì tómi kún inú ẹ̀, ó lè di omi mọ́ni lọ́wọ́, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí dáàmù Lower San Fernando ní California ní February 1971, tí wọ́n ní kí èèyàn bí 80,000 kúrò nílé. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yẹn wà.

A ti ní kí bíríkílà to òkúta àti páìpù sẹ́yìn ògiri tó gba ilẹ̀ dúró kómi lè máa ríbi jáde. Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá pè, ẹ bi í kẹ́ ẹ tó sanwó bóyá ó máa ṣírò ti ìgbà òjò, tó bá ní kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíì.