Káàdì àwọn Impressionist: ẹ mú èyí tó ní etí funfun

Káàdì ìfìwéránṣẹ́ yìí dára, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló tó owó tí wọ́n ń tà á. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra odindi páálí kan: àwòrán igbó, odò àti ojú ọ̀run tí Monet, Pissarro àti Sisley yà, àwọn Impressionist, ìyẹn àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Faransé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí wọ́n ń ya ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ bí ojú ṣe rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwé rẹ̀ nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ kò dán, bírò lásán sì ń kọ ọ́ geere.

Gígé ni wàhálà rẹ̀. Mílímítà 148 sí 105 ni káàdì náà, bẹ́ẹ̀ àwọn ayàwòrán wọ̀nyí kò fi ti káàdì ẹnikẹ́ni ṣe nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo omíyalé tí Sisley yà ní Port-Marly lọ́dún 1876. Sẹ̀ǹtímítà 60 sí 81 ni ojúlówó rẹ̀ tó wà ní Musée d'Orsay, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris. Kí àwòrán náà lè kún káàdì dé etí, wọ́n gé e lókè, wọ́n gé e nísàlẹ̀. Sisley kẹ̀! Ta ló ń gé ojú ọ̀run lára iṣẹ́ Sisley? Àárọ̀ kùtù ní èbúté Le Havre, tí Monet yà ní 1872, náà kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú páálí kan náà, àwọn tó ní etí funfun wà lódindi.

Àwọ̀ náà ń ṣe ségesège. Monet ya àwòrán kan tí yìnyín bo ilẹ̀, tí ẹyẹ kan bà sórí ọgbà. Òjìji ọgbà náà kì í ṣe dúdú, búlúù ni, búlúù yẹn gan-an ló sì gbé iṣẹ́ náà yọ. Lórí káàdì tèmi, ó ti di àwọ̀ eérú. Ti òkìtì ọkà rẹ̀ tún burú jù: ọ̀dà tó lẹ̀ mọ́ra ní ìpele-ìpele ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Pissarro ló yọ wọ́n. Ogun Faransé àti Prussia ló lé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1870. Apá Norwood ló gbé, ìtòsí ló sì jẹ́ fún àwa ará Peckham. Ní 1871 ó ya títì kan ní Sydenham: igi lọ́tùn-ún lósì, ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ọ̀ọ́kán. Nítorí pé títì àti igi ló di àwòrán náà mú, kíkéré kò pa á lára rárá. Mo fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn, ni wọ́n bá bi mí lórí WhatsApp pé ṣé títì tí kò ní kòtò ni mo fi ń ṣe fọ́ńté sí àwọn.

National Gallery, ilé àkójọ àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ni ojúlówó ti Sydenham yìí, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi káàdì ránṣẹ́, ẹ ki í bọ àpò lẹ́tà: ojú rẹ̀ tó ń dán yẹn tètè máa ń ha.