PHP 8.4 nídìí iṣẹ́ àjọ: property ti ní olùṣọ́, ó ku array

Iṣẹ́ tí mo fi PHP 8.4 ṣe ni mo fẹ́ fi yẹ èdè tí a fi ń kọ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí wò, torí pé kéèyàn ka àwọn ohun tuntun inú ẹ̀dà kan lẹ́sẹẹsẹ kò lè sọ bó ṣe ń rí lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í jẹun. Sọfitiwia fún àwọn alájọ ni iṣẹ́ ọ̀hún. Alájọ a máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà lójoojúmọ́, a máa sàmì sí káàdì wọn, tí oṣù bá parí a kó owó wọn fún wọn, owó ọjọ́ kan a sì di tirẹ̀. Tí a bá tú u palẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, object kan (ohun tó ń kó ìsọfúnni tirẹ̀ dání) ni káàdì, array kan (àtòjọ) ló wà nínú rẹ̀, owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì wà nínú array náà.

Owó olówó ni. Bí nọ́ńbà kan bá yí padà nínú array yẹn tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti yí, ìyá tó ń ta tòmátì ni yóò jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ẹ̀dà 8.4 sí ohun tó dára jù lọ tó ti ṣẹlẹ̀ sí property, ìyẹn ààyè tí object ń tọ́jú nǹkan sí, láti ìgbà tí 7.4 ti gbà wá láyè, ní 2019, láti kọ int (nọ́ńbà) tàbí string (ọ̀rọ̀) tàbí array síwájú orúkọ property. Ìdí kan náà ló sì jẹ́ kí n máa sọ pé wọn kò tíì parí iṣẹ́ lórí array.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Nígbà tí Rasmus Lerdorf gbé PHP jáde ní 1995, irinṣẹ́ fún ojú ewé ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni object dé. Títí di PHP 5 ní 2004, bí ẹ bá fi object ránṣẹ́ sínú function (àkójọ àṣẹ tó ní orúkọ), àdàkọ rẹ̀ ni function náà ń gbà, bíi ti array gẹ́lẹ́. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀nà wọn ti pín: tí ẹ bá fi array fún function, tirẹ̀ ni yóò máa yí padà, tiyín á wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n object kan náà ni gbogbo yín jọ ń dì mú. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn kò ní lóye ohunkóhun nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, torí pé ibi tí array ti wà nínú object ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Káàdì inú iṣẹ́ mi nìyí, mo gé e kúrú:

```php
class Kaadi
{
    public private(set) array $owo = [];

    public int $iye {
        get => array_sum($this->owo);
    }

    public string $oruko {
        set(string $o) => Normalizer::normalize(trim($o));
    }

    public function san(string $ojo, int $naira): void
    {
        if ($naira < 1) {
            throw new InvalidArgumentException('Owó yìí kò pé');
        }
        $this->owo[$ojo] = $naira;
    }
}
```

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ nínú class yẹn, ìyẹn àwòṣe tí a fi ń ṣe object. public private(set) túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè ka $owo, ṣùgbọ́n inú class nìkan ni wọ́n ti lè kọ nǹkan sí i. Ká ní ẹni tó ń kọ apá ìròyìn oṣù jókòó sínú fáìlì mìíràn, tó sì kọ $kaadi->owo['2025-03-04'] = 50000, PHP á dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ó lè ṣe foreach, ó lè ṣe count, ó lè wo owó náà bó ṣe wù ú, kò kàn lè fọwọ́ kàn án ni. Àní bó bá fẹ́ ṣe ksort($kaadi->owo) níta, PHP kò ní gbà, torí pé ara array gan-an ni ksort máa ń tò, kì í ṣe àdàkọ. Àfi kó kọ́kọ́ kó array náà sínú variable tirẹ̀, kó wá tò ó níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn: kí òfin wà lára property fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ inú ìwé àlàyé tí ẹnikẹ́ni kì í kà.

Kó tó di 8.4, readonly ti wà láti 8.1, ṣùgbọ́n readonly kò wúlò fún káàdì àjọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń kọ property tó bá jẹ́ readonly, bó bá sì jẹ́ array, class tó ni ín pàápàá kò ní lè fi owó ọ̀la kún un. Nítorí náà ńṣe là ń sọ $owo di private, tí a ń kọ getOwo() fún un, tí a sì ń kọ irú rẹ̀ fún property kọ̀ọ̀kan títí fáìlì á fi gùn lásán. Gbogbo ìyẹn ni mo ti yọ kúrò.

Ti $iye tún wù mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hook, ìyẹn kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ka property tàbí tí a bá kọ nǹkan sí i, ni wọ́n ń pe nǹkan tó wà nínú àmì àkámọ́ yẹn, Ilija Tovilo àti Larry Garfield ló sì kọ àbá tó gbé e wọlé. $iye kò ní ibì kankan tó ti ń tọ́jú owó. Ìgbà tí ẹ bá bi í léèrè ló ń ṣírò ohun tó wà nínú array. Kò sí bí àpapọ̀ owó ṣe lè yàtọ̀ sí owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́, ẹni tó bá sì gbìyànjú láti kọ nọ́ńbà sí i fúnra rẹ̀ á rí àṣìṣe gbà. Bí mo bá fi json_encode($kaadi), tó ń sọ object di ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ mìíràn lè kà, ránṣẹ́ sí fóònù alájọ, $iye á bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá sọ object náà di array pẹ̀lú (array) $kaadi, $iye kò ní sí níbẹ̀, torí pé ohun tí wọ́n tọ́jú nìkan ni ọ̀nà yẹn ń kó. var_dump, tó ń fi ohun tó wà nínú variable hàn, náà kò pe hook. Ẹni tó bá ń wá àṣìṣe pẹ̀lú var_dump gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Ó wá kan $oruko, ọ̀rọ̀ àwa tí a ń kọ Yorùbá sì ni. Orúkọ bí Adébọ́lá, kíbọọ̀dù kan lè kọ ọ́ kó fi ohùn òkè lé orí ọ, òmíràn lè kọ ó kó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀. PHP kò wo ojú, báìtì ló ń wò, méjèèjì á sì jẹ́ key (orúkọ tí a fi ń wá nǹkan nínú array) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ó bi í pé ṣé Adébọ́lá wà, á ní kò sí, nígbà tí orúkọ náà wà níwájú yín gedegbe. Normalizer, tó wà nínú àfikún tí wọ́n ń pè ní intl, máa ń sọ gbogbo ọ̀nà ìkọ̀wé yẹn di ọ̀kan. Ìgbà tí set hook ti dé, kò sí ibi tí orúkọ lè gbà wọ inú káàdì láìgba ibẹ̀ kọjá, yálà láti orí fọ́ọ̀mù, láti inú Excel, tàbí láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tó ń bá wa kọ kóòdù. Ìdí kan náà ni n kò fi ń fi àmì sí orúkọ variable bó tilẹ̀ jẹ́ pé PHP gba $owó.

Níwọ̀n bí a ti wà níbẹ̀: strlen('Ọ̀yọ́') á fún yín ní 11, mb_strlen á fún yín ní 5, grapheme_strlen nìkan ló ń dá 3 padà, èyí tí ọmọdé tó ń kọ́ ìwé á sọ fún yín. 8.4 fi mb_ucfirst àti mb_trim kún àwọn irinṣẹ́ náà. ucfirst àtijọ́ kì í mọ ohun tó máa fi ọ ṣe. Mb_ucfirst ń sọ ọ́ di Ọ bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tó kù sí.

array $owo. Array ti kí ni? PHP kò gbà mí láyè láti sọ pé ọjọ́ ni key, pé náírà tó jẹ́ int ló wà nínú rẹ̀. Bí function kan nínú class bá fi string tàbí null sínú rẹ̀, PHP kò ní wí nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Mo ń kọ @var array<string, int> sókè rẹ̀, PHPStan, irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù wò kó tó ṣiṣẹ́, sì ń bá mi mú ẹni tó bá rú u kí iṣẹ́ tó dé orí server. PHPStan dára gan-an, mi ò sì ní gbaṣẹ́ láìlò ó. Ṣùgbọ́n èdè tó ti dàgbà tó báyìí yẹ kó lè sọ ohun tó wà nínú array tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìkejì, hook àti array kò rẹ́ dáadáa. Bí mo bá fi set hook sórí $owo, $this->owo[$ojo] = $naira kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ nínú san(). Odindi array ni hook mọ̀, kò mọ ohun kan ṣoṣo tí a fi kún un. Màá ní láti da array náà kọ, kí n fi tuntun kún un, kí n wá gbé gbogbo rẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi private(set) ṣọ́ $owo, tí mo sì gbé àyẹ̀wò sínú san(). Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe.

Ìkẹta ló léwu jù. Ká ní kì í ṣe int ló wà nínú array, ká ní object Sisan ni, tó ní iye, àkókò àti ẹni tó gbà á. private(set) kò dáàbò bo àwọn object yẹn. Ẹnu ọ̀nà ilé ni olùṣọ́ yìí jókòó sí, kò mọ ohun tó ń lọ nínú yàrá. Ẹni tó wà níta kò lè fi Sisan tuntun kún array, ṣùgbọ́n á lè mú èyí tó ti wà níbẹ̀ kó sì yí iye rẹ̀ padà. clone pàápàá kò gbà yín: káàdì tuntun á ní array tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Sisan inú rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọn ti àkọ́kọ́. Ẹ sọ àwọn property Sisan di readonly, kó parí síbẹ̀.

Bí ẹ bá ń fi nọ́ńbà fóònù ṣe key nínú array àwọn oníbàárà, òun ni kí ẹ kíyè sí jù ní ilẹ̀ wa. Nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 máa ń jẹ́ string gẹ́gẹ́ bí key. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234, láìsí àmì àfikún níwájú, PHP á sọ ọ́ di int láìbéèrè. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá fi array_merge pa àwọn oníbàárà ọjà méjì pọ̀, array_merge á tún nọ́ńbà gbogbo key tó jẹ́ int kà láti 0, nọ́ńbà fóònù á sì pòórá. array_replace ni kí ẹ lò. Àṣà yìí ti pẹ́ nínú PHP, 8.4 kò sì fọwọ́ kàn án. Bákan náà ni array_filter: ó ń fi key sílẹ̀ bó ṣe wà, tí json_encode bá sì rí i pé àlàfo wà láàárín àwọn nọ́ńbà, object ni yóò kọ sí fóònù dípò àtòjọ. array_values ló ń tún un ṣe.

Àmọ́ 8.4 fún wa ní array_find, array_any àti array_all, mo sì ń lò wọ́n lórí $awon, array tó kó gbogbo káàdì. array_any($awon, fn($k) => $k->iye === 0) á sọ fún mi bóyá ẹnì kan wà tí kò tíì san nǹkan kan lóṣù yìí, á sì dúró níbi tó ti kọ́kọ́ rí i, kò ní ka gbogbo ọjà tán. Ti owó ọjọ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti alájọ, 8.4 kò tíì ní array_first fún un; $this->owo[array_key_first($this->owo)] ni mo ń kọ. Ẹ̀dà 8.5, tó dé ní oṣù Kọkànlá 2025, ló mú array_first wá.

Ọ̀fẹ́ ni PHP. 8.4 jáde ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá 2024, àtúnṣe ààbò fún un á sì máa bọ̀ títí di ìparí 2028. Ibi tí ẹ ti máa sanwó ni ibi tí ẹ ti yá ààyè fún un lórí server. Ilé-iṣẹ́ kan tí mo ń sanwó fún tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà àtijọ́ ni wọ́n ń lò, wọn kò sì ní intl rárá, nítorí náà mo kó iṣẹ́ mi kúrò níbẹ̀. Ẹ béèrè nǹkan méjèèjì kí ẹ tó sanwó.

Bí ẹ bá ní iṣẹ́ àtijọ́ tí ẹ fẹ́ gbé wá sí 8.4, ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti oníbàárà, kí ẹ tan error_reporting(E_ALL). Ìkìlọ̀ méjì ni yóò pọ̀ jù. Ọ̀kan ni ti property tí ẹnikẹ́ni kò kéde nínú class, èyí tí 8.2 ti ń kìlọ̀ fún láti oṣù Kejìlá 2022. Àṣìkọ orúkọ property ló máa ń fà á jù, ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò dáadáa kí ẹ tó pa á mọ́lẹ̀. Èkejì ni function wa(string $oruko = null): ẹ fi àmì ìbéèrè síwájú string yẹn, kó di ?string.