German Shepherd àbí Malinois: èwo ló bá ìgbé ayé yín mu?

Pé irú ajá méjèèjì yìí gbọ́n, pé wọ́n ń sáré, pé ọlọ́pàá àti ṣọ́jà ń lò wọ́n, ẹ ti mọ ìyẹn. Mo sin German Shepherd fún ọdún mẹ́rin n'Íbàdàn. Malinois ló wà lágbàlá mi báyìí. Ibi tí owó mi ti jó ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Eégbọn ni.

Kò sí ajá tí kì í kó eégbọn lásìkò òjò. Ṣùgbọ́n irun German Shepherd ki, ó gùn, òmíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀ tó rọ̀ bí òwú. Bíńgò mi (ẹ má rẹ́rìn-ín, ọmọ mi ló sọ ọ́ lórúkọ) ń jẹ, ó ń ṣeré, mo sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn lójoojúmọ́. N kò mọ̀ pé etí rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di ọjà. Ọjọ́ tó kọ oúnjẹ, mo ní ooru ni. Lọ́jọ́ kejì, èrìgì rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ, ìtọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Dókítà ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ibà eégbọn. Kòkòrò tí eégbọn gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, oògùn oníhóró sì tẹ̀ lé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ó yè. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ibà yẹn tún padà, nítorí ajá nìkan ni mo tọ́jú, n kò tọ́jú ilé. Eégbọn yìí a máa gun ògiri. Abo rẹ̀ tó bá ti yó a bọ́ sílẹ̀, a lọ yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú ihò símẹ́ńtì. Owó tí mo ná lẹ́ẹ̀kejì ju iye tí mo fi ra Bíńgò lọ.

Malinois náà ń kó o. Ṣùgbọ́n irun rẹ̀ kúrú: bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ láti etí dé ìrù, ìka mi á sì bá ohun tó bá wà níbẹ̀. Oògùn eégbọn ń wọlé lóṣooṣù, a sì ń fọ́n oògùn sí ògiri. Ọdún mẹ́ta rèé, kò tíì sí ibà.

Ìbàdí: àrùn ìbàdí máa ń yọ German Shepherd lẹ́nu. Kí ẹ tó ra ọmọ rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n mú bàbá àti ìyá rẹ̀ rìn níwájú yín. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dà bí òrùlé, ẹ kọjá.

Olè: ìrísí German Shepherd nìkan ti tó. Malinois, àwọn aládùúgbò mi rò pé ajá ìbílẹ̀ tó rí oúnjẹ jẹ ni (àwọn kan tilẹ̀ ń ta ajá àdàlù ní Malinois, ẹ ṣọ́ra).

Ọmọdé: German Shepherd ní sùúrù jù. Ajá tó ń da ẹran ọ̀sìn ni baba ńlá àwọn méjèèjì, ọ̀kan ní Jámánì, ọ̀kan ní agbègbè Mechelen ní Belgium, nítorí náà kò yẹ kó yà yín lẹ́nu bí ó bá ń gé ọmọ tó ń sáré jẹ ní gìgísẹ̀.

Eré ìdárayá: òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ, kì í rẹ Malinois. Ó ti jẹ bàtà mi mẹ́ta àti korobá kan, ó sì lè fo ògiri tó ga jù yín lọ. Ẹni tó ń kúrò nílé láago márùn-ún àárọ̀ tó ń wọlé láago mẹ́wàá alẹ́, kó lọ ra German Shepherd. Àbí kó wá ọmọ àdúgbò tó lè máa bá Malinois sáré ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n.

Kò sí èyí tó burú nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ọkàn yín bá ṣì wà lọ́dọ̀ German Shepherd, ẹ ra kóòmù onírin kí ẹ tó ra ajá.