Séèfù oní-nọ́ńbà tí mo rà ní òpópónà Táíwò ní Ìlọrin: nọ́ńbà rẹ̀ dá mi lójú, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló bí mi nínú

Ẹ má retí pé mo máa sọ bó ṣe ga tó tàbí iye ìpele inú rẹ̀. Dúdú ni, ó wúwo, bóòtù ló dè é mọ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ní Bàbókò. Télọ̀ ni mí, èmi náà ni alájọ ìlà ṣọ́ọ̀bù wa, owó àwọn ènìyàn sì ń sùn lọ́dọ̀ mi. Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Mo ti mọ́sálásí dé, mo bá iná pupa tó ń ṣẹ́jú lójú séèfù. Mo tẹ nọ́ńbà mi, kò dá mi lóhùn. Mo tún un tẹ̀, ó ké píì, ó dákẹ́. Ìyá ẹlẹ́ja tí àjọ kàn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti di gèlè mọ́dìí. "Àáfáà, mọ́tò Jẹ́bà ò ní dúró dè mí o!" Mo ń tẹ̀, òógùn ń bọ̀.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù tó tà á fún mi. Alhaja tó ni ibẹ̀ ló gbé e.

"Ẹ yọ bátìrì rẹ̀ kí ẹ dá a padà, ó máa ṣí."

Mo ní, "Alhaja, inú séèfù ni bátìrì wà."

"Ẹ ṣáà ṣí i, kí ẹ yọ ọ́."

Mo ní tó bá ṣeé ṣí, kí ni mo ń pè yín fún? Ó ní kí n dúró, ó gbé fóònù kalẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń bá ẹlòmíràn ná fáànù. Wọ́n ná fáànù yẹn débi pé èmi náà mọ iye tí wọ́n fi tà á. Nígbà tó padà dé, ó ní òun ti rán ọmọ kan sí mi.

Ọmọ náà, ẹ jẹ́ kí n yìn ín. Ó gun ọ̀kadà dé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó kí Ìyá ẹlẹ́ja, kó tó wo séèfù rárá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹnì kan ti tẹ nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ti tì pa fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ láàárín ìyẹn, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà látìbẹ̀rẹ̀."

Ẹnì kan. Ọmọ iṣẹ́ mi fi Kùránì búra pé òun kọ́. Mi ò tíì mọ ẹni tó jẹ́ dòní, ṣùgbọ́n inú mi dùn lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹni náà ò rí kọ́bọ̀ mú. Ẹ bá mi ṣírò ó. Nọ́ńbà mẹ́rin, láti 0000 dé 9999, 10,000 ni. Bí olè bá ń tẹ márùn-ún tó sì ń dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, á lò tó 10,000 ìṣẹ́jú kó tó tẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ìyẹn lé ní wákàtí 166, ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ kan, láìsùn, láìjẹun. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì.

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ náà, torí Ìyá ẹlẹ́ja tó ń pariwo, fa ọ̀bẹ kékeré yọ, ó tì í bọ abẹ́ páálí tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí, páálí náà ṣí. Ihò kọ́kọ́rọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ kan nínú ìdì tó wà lápò rẹ̀, ó yí i. Séèfù ṣí gbayawu.

Àwọn ará ìlà pàtẹ́wọ́. Ìyá ẹlẹ́ja gbàdúrà fún un, ó kó owó rẹ̀, ó sáré lọ. Èmi nìkan ni ara mi tutù. Kọ́kọ́rọ́ tèmi wà nílé ní Gáà Akanbí, mo mọ ibi tí mo tọ́jú ẹ̀ sí. Ti ta ni èyí?

"Ti ṣọ́ọ̀bù ni, sà. Gbogbo irú èyí tó bá a wọlé, kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí wọn."

Ẹ gbọ́ o! Pẹ̀lú gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún, pẹ̀lú gbogbo iná pupa, ẹni tó bá ra irú tèmi ní Ìpàtá tàbí ní Ọ̀fà lè fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí àjọ ènìyàn Bàbókò. Mo tún pe Alhaja. Ó ní, "Àáfáà, kọ́kọ́rọ́ yẹn kọ́ ló yọ yín lónìí?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ìyẹn gan-an ló dá kún ìbínú mi. Mo ní kó gba ọjà rẹ̀ kó dá owó mi padà. Ó ní àwọn kì í gba ohun tí bóòtù ti dè mọ́lẹ̀.

Ọmọ yẹn padà wá láàárọ̀ Sátidé, láìjẹ́ pé mo ránṣẹ́ sí i. Ó ti ra ihò kọ́kọ́rọ́ mìíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó tú ti àtijọ́ láti inú, ó fi tuntun sí i. Owó ọjà àti owó ọ̀kadà nìkan ló gbà. Mo bi í ní ti mágínẹ́ẹ̀tì ńlá tí wọ́n ń sọ pé àwọn kan fi ń ṣí séèfù pọ́ọ́kú láti ìta. Ó ní irú yẹn ni èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì kékeré inú rẹ̀ ń fa irin kan sẹ́yìn. Tèmi, mọ́tò kékeré inú rẹ̀ ló ń yí irin, ó sì ní kí n fetí sí bó ṣe ń kùn.

Ó tún wo ojú nọ́ńbà, ó mi orí. Òróró máṣínì mi ti lẹ̀ mọ́ bọ́tìnì mẹ́rin, ó ń dán. Ẹni tó bá rí mẹ́rin yẹn, ọ̀nà 24 péré ló lè gbà tò wọ́n. Kódà pẹ̀lú ìdádúró, bí ogún ìṣẹ́jú ni. Kùtúbà Jímọ̀ mìíràn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí n máa nu gbogbo bọ́tìnì, kí n sọ nọ́ńbà di mẹ́fà, kí n sì máa tẹ nọ́ńbà asán díẹ̀ ṣáájú tèmi àti lẹ́yìn rẹ̀, nítorí séèfù yìí máa ń wá tòótọ́ rí láàárín wọn. Ẹni tó ń yọjú léjìká ò ní mọ èwo ni èwo. Èyí dùn mọ́ mi ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sì sí nínú ìwé tó bá a wá.

Ohun tó ṣì ń dùn mí ni pé kò lè sọ aago tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn séèfù olówó ńlá, irú èyí tí báǹkì ń lò, máa ń kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Tí tèmi bá lè kọ ọ́, ǹ bá ti mọ̀ bóyá ọmọ iṣẹ́ mi ni kí n máa wò tàbí ẹlòmíràn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó béèrè ọmọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà, kó má pe Alhaja.