Shared hosting, VPS àbí R2: èwo ni kẹ́ ẹ rà? Ìfiwéra fún ọlọ́jà Èkó

Ká ní ẹ̀ ń ta léèsì ní Balógun, ẹ fẹ́ kí kọ́sítọ́mà máa fi fọ́tò stáìlì tó wù ú ránṣẹ́ látorí wẹ́bùsáìtì yín, ẹ tún fẹ́ kí ẹ̀ka Yábàá ní àdírẹ́sì tiẹ̀, "yaba" níwájú orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ohun tí wọ́n ń pè ní subdomain. Ohun mẹ́ta lẹ lè rà: shared hosting (àyè lórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé wẹ́bùsáìtì dání, tí ẹ̀yin àti ẹlòmíì jọ ń lò) tó ní cPanel tẹ́ ẹ fi ń ṣètò ẹ̀, VPS (server tẹ́ ẹ dá ń lò, tẹ́ ẹ sì ń tọ́jú fúnra yín), tàbí kẹ́ ẹ máa kó fáìlì sí ibòmíì bíi Amazon S3 tàbí Cloudflare R2, ilé ìkófáìlì-sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíì ní Computer Village á ní VPS ni baba gbogbo ẹ̀. Ẹ rọra o, owó iṣẹ́ tiẹ̀ wà níbẹ̀.

Fọ́tò ò wọlé

Bí PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ wẹ́bùsáìtì fi ń ṣiṣẹ́, ṣe wà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, fáìlì kan ò gbọdọ̀ ju 2MB lọ, gbogbo ohun tí fọ́ọ̀mù bá sì kó wá lẹ́ẹ̀kan náà ò gbọdọ̀ ju 8MB. Fọ́tò fóònù òde òní sì lè tó 4MB, nítorí náà kọ́sítọ́mà á tẹ "send", á máa yí, á máa yí, á dé ìparí, kò ní sí fọ́tò kankan níbẹ̀. Torí èyí nìkan làwọn kan ṣe ń ra VPS, bẹ́ẹ̀ lórí shared, ẹ kàn wọ MultiPHP INI Editor nínú cPanel, ẹ sọ upload_max_filesize (ti fáìlì kan) di 20M, post_max_size (ti gbogbo fọ́ọ̀mù) di 25M, ó ti bùṣe. Èkejì gbọ́dọ̀ ju àkọ́kọ́ lọ, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń ta hosting fún yín, ẹ bi í kẹ́ ẹ tó sanwó bóyá ẹ lè yí i fúnra yín àti ibi tó lè ga dé. Tó bá ní àfi kẹ́ ẹ ra plan ńlá, ẹ wá ẹlòmíì.

VPS ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin náà ni gateman. Nginx, ètò tó ń gba àlejò wọlé lórí ọ̀pọ̀ VPS, tiẹ̀ tún ní ìdènà tiẹ̀, 1MB péré, àyàfi tẹ́ ẹ bá yí client_max_body_size, ìdí nìyẹn téèyàn á fi tún PHP ṣe tán tí àṣìṣe 413 (fáìlì ti tóbi jù) á ṣì máa yọ lójú ẹ̀. Update, backup, àwọn olè tó ń wá páàsìwọ̀ọ̀dù lóru, ọrùn yín ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ti S3 àti R2 yàtọ̀, fáìlì lè lọ tààrà láti fóònù kọ́sítọ́mà sínú bucket (àpò fáìlì yín lọ́dọ̀ wọn), kò gba inú server yín kọjá rárá. Wọ́n tún gbà kí developer gé fídíò sí wẹ́wẹ́ kó tó gbé e, tí nẹ́tíwọọ̀kì bá já lórí Third Mainland Bridge, èyí tó ti wọlé ò ní ṣòfò. R2 ń fúnni ní àyè 10GB lóṣù lọ́fẹ̀ẹ́, kì í sì í gbowó tí fáìlì bá ń jáde. S3 máa ń gbà á tó bá ti kọjá iye kan, tí èrò bá wá ń wo fídíò yín ṣáá, bíìlì á máa gùn, dọ́là sì ni.

Ọ̀rọ̀ subdomain

Ẹ̀ka méjì mẹ́ta, cPanel tó, ẹ kàn máa ṣẹ̀dá wọn ni. Ibi tó ti le ni tẹ́ ẹ bá ń ṣe ọjà tí gbogbo òǹtajà tó bá forúkọ sílẹ̀ á ní subdomain tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn fẹ́ wildcard (ètò kan tó kárí gbogbo subdomain) nínú DNS, ìwé àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tún fẹ́ SSL wildcard, ìwé ẹ̀rí ààbò tó kárí gbogbo wọn. Àjọ Let's Encrypt ti ń fúnni ní irú SSL yìí lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2018, ṣùgbọ́n DNS nìkan ni wọ́n ń fi yẹ̀ ẹ́ wò, 90 ọjọ́ ló sì ń lò, torí náà tí DNS yín ò bá ní API (ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà lè gbà yí i fúnra ẹ̀), ẹ̀yin lẹ máa máa fọwọ́ tún un ṣe ní gbogbo ìgbà. VPS dáa gan-an fún irú iṣẹ́ yìí. Tẹ́ ẹ bá fi Cloudflare ọ̀fẹ́ síwájú ẹ̀, SSL á rọrùn, àmọ́ ẹ̀ka orí ẹ̀ka bíi lace.yaba ò sí nínú ẹ̀, ohunkóhun tó bá sì ju 100MB lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dá a padà.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà kì í sọ. Lójú browser, www àti yaba kì í ṣe ibì kan náà. Tó bá jẹ́ www nìkan lẹ kọ sínú CORS bucket yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ àdírẹ́sì tí browser lè gbà gbé fáìlì síbẹ̀, Balógun á máa gbé fọ́tò wọlé wẹ́rẹ́, Yábàá á máa pariwo pé site ti bàjẹ́, ẹ̀yin náà á dán an wò lórí www, ẹ ò ní rí àléébù kankan. Ẹ kọ méjèèjì síbẹ̀. Bákan náà ni login, tí cookie (àmì tí browser fi ń rántí ẹni tó ti wọlé) ò bá ní Domain tó kárí gbogbo ilé, kọ́sítọ́mà á máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Tèmi

Ṣọ́ọ̀bù tó ní fọ́tò àti ẹ̀ka díẹ̀, ẹ ra shared. Tí fídíò bá pọ̀, ẹ fi R2 kún un, ẹ má lọ sí VPS torí àyè fáìlì. VPS jẹ́ ti ẹni tó nílò wildcard, tó sì ní èèyàn tí á máa tọ́jú ẹ̀ lóṣooṣù, kì í ṣe ẹni tó kọ́ ọ tó sì ti japa. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 777 (àṣẹ tó jẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà lórí server lè kọ nǹkan síbẹ̀) sórí fódà uploads, kẹ́ ẹ sì ní kí ẹni tó ń ṣe site fún yín pa PHP níbẹ̀, torí ẹni tó bá rí fáìlì .php gbé síbẹ̀ tó sì ṣiṣẹ́, tiẹ̀ ni site yín.

Ẹ kọ́kọ́ san ti oṣù kan. Ẹ pa Wi-Fi, ẹ dúró sínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án tí nẹ́tíwọọ̀kì ń fà, ẹ fi dátà fóònù gbé fídíò 15MB látorí yaba, kì í ṣe www. Tó bá wọlé, ẹ lè wá san ti ọdún.