Ìwé ètò àti àṣẹ ẹnu níbi iṣẹ́ fíìmù
Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ìwé ètò ojoojúmọ́ darí iṣẹ́ fíìmù, láti ọjọ́ tó ṣáájú ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti máa ń mọ wákàtí tí yóò dé, ìran tí wọn yóò yà, àti ilé ìwòsàn tó súnmọ́ wọn jù lọ bí ẹnikẹ́ni bá farapa. Bó bá jẹ́ àṣẹ ẹnu nìkan ni, oníná lè dé ní agogo 6 kí oníkámẹ́rà sì dé ní agogo 9, láìsí ẹni tí a lè dá lẹ́bi. Lóòótọ́, àṣẹ ẹnu yára bí òjò bá da ètò rú, ó sì tó fún òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Síbẹ̀, ìwé ni mo fara mọ́, nítorí wákàtí ìdé tó wà nínú rẹ̀ ló ń fi hàn bí wákàtí oorun àwọn òṣìṣẹ́ bá kéré jù.