Fluorescent àbí LED fún Igi Kékeré Inú Ilé?

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ igi ọdán tàbí ọsàn kékeré sínú ìkòkò nínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀ l'Óṣogbo, iná ló máa ṣiṣẹ́ oòrùn fún un, wákàtí 12 sí 14 lójúmọ́. Níbi tí iná ọba kì í ti dúró, ohun tí iná náà ń jẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pá fluorescent ẹlẹ́sẹ̀ 4 máa ń jẹ 36 watt, ọ̀pá LED tó gùn bákan náà kì í sábà ju 18 lọ. Bátìrì inverter á tètè mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Fluorescent ń tàn yí ká, púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí àjà. Àfi kẹ́ ẹ fi páànù tó ń dán bò ó lókè. LED ń kọjú sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá lágbára lè mú kí ewé ṣá, ẹ má gbé e sún mọ́ igi jù.

Bí fluorescent bá fọ́, ẹ ṣọ́ra, mercury, èròjà olóró, wà nínú rẹ̀. Ẹ lé àwọn ọmọ jìnnà, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé.

LED ni màá rà. Tí fluorescent bá ti wà nílé, ẹ fi tọ́ ọdán, torí ó ń fara da ìbòòji. Ọsàn ò ní lè ṣe dáadáa níbẹ̀.